Àwòrán Kejì Ìyá Fọ́tò

Ìyá Fọ́tò ti ya ìyàwó, ó ti ya arúgbó tí kò léyín lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni ya òun. Nígbà tí kókó kan sọ lọ́mú rẹ̀ òsì, àbúrò rẹ̀ obìnrin fà á lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì tì í sínú ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara.

Àwòrán náà kò fi irú kókó tó jẹ́ hàn. Dókítà tó ń wo àwòrán ní kí wọ́n padà wá.

"Ẹ má bínú, Mà," ló wí. "Oògùn tí a fà sínú iṣan yín ló ń jẹ́ kí kókó náà tàn. Bí kókó bá burú, oògùn á sáré wọ̀ ọ́, á tún sáré jáde. Àwòrán wa falẹ̀ jù. Ká tó ya òmíràn, ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán."

"Bí ọmọ tó ń sáré kọjá níwájú kámẹ́rà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Tí a bá ń yà á léraléra ní wàràwàrà, kò ní mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ a ó rí bí oògùn ṣe ń rìn."

"Ẹ yà á bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ fi kọ́ ara ògiri."

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi lé ròrò lójú rẹ̀.

Ìyá Fọ́tò dojú bolẹ̀, ó sinmi ọmú sínú ihò méjì tó wà lára bẹ́ẹ̀dì náà. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kù. Oògùn tutù gba apá rẹ̀ wọlé. Ó dijú, ariwo náà sì di òjò lórí páànù, òun alára wá léfòó lórí odò kan tí kò ní bèbè. Ó rí ìyá rẹ̀ tó ti kú, tó jókòó sínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò láyé àtijọ́, tí iná pupa rọra ń tàn sí i lójú. Ó ń wo ìwé funfun kan nínú omi, bí ojú ènìyàn ṣe ń yọ lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá Fọ́tò fẹ́ béèrè pé ojú ta ni, àfi bí wọ́n ṣe fà á jáde.

Àwòrán kejì fi hàn pé oògùn sáré wọ kókó náà, ó sì sáré jáde. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ níbẹ̀ yẹ̀ wò: jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n ó kéré, kò tíì ràn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ nǹkan kan," àbúrò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Ìyá Fọ́tò kọjú sí dókítà. "Ẹ yọ ọ́ kúrò, kí àlejò yìí tó di onílé."

Wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì fún un ní oògùn jẹjẹrẹ tó mú kí irun orí rẹ̀ re. Ó pẹ́ kí ara rẹ̀ tó bọ̀ sípò. Nísinsìnyí, ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án, tí oòrùn á máa ta sí irun rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Bí àbúrò rẹ̀ bá pè é, á kọ́kọ́ gbójú sókè, bí ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, kó tó dáhùn pé, "Mo wà níbí."