Òkúta Keje

Bíríkìlà ni bàbá yìí kó tó di olùṣọ́ òkúta, iṣẹ́ bíríkìlà náà ló sì kó bá a.

Òkúta méje ni wọ́n, wọ́n ga ju èèyàn lọ, wọ́n dúró yíká lórí òkè lẹ́yìn ìlú. Kò sẹ́ni tó mọ àwọn tó rì wọ́n. Lọ́dún kan tí òjò pọ̀, ìkeje ṣubú. Ọ́fíìsì tó ń mójú tó nǹkan àtijọ́ ní kí bàbá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e dìde kí ọ̀gá tó dé lọ́jọ́ kejì. Omi ti kún inú ihò àtijọ́. Ta ló fẹ́ máa gbọ́n omi? Wọ́n gbẹ́ ihò tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tó ẹsẹ̀ bàtà méjì síra wọn. Òkúta náà sì ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tẹ́lẹ̀, àmọ́ bíríkìlà gidi wo ló máa ri nǹkan mọ́lẹ̀ kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ó fi okùn wọ̀n ọ́n, ó nà án ró ṣánṣán. Ọ̀gá dé, inú rẹ̀ dùn, ó fún un níṣẹ́ olùṣọ́. Bàbá sì pa ẹnu mọ́.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ìdí àwọn òkúta yẹn lọmọ náà ti kọ́ bí a ṣe ń wo ojú ọ̀run, ó sì gba ibẹ̀ dé yunifásítì. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi wọ̀n wọ́n. Ó ní lọ́jọ́ tí ọ̀sán gùn jù lọ́dún, àárín ìkẹfà àti ìkeje gan-an ni oòrùn ń gbà yọ, pé àwọn ará àtijọ́ ló tò ó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè mọ ìgbà. Gbogbo ìgbà tó bá sọ ọ́, bàbá á máa rò pé yóò ṣàwárí òtítọ́ fúnra ẹ̀. Kò ṣàwárí nǹkan kan.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ọmọ náà lọ gbèjà ìwé ìwádìí rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ń lọ aṣọ ní pálọ̀. Bàbá jókòó tì í.

“Ìyá mi, èmi ni mo ri òkúta keje síbi tó wà yẹn.”

Ó rò ó fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ihò, omi, okùn. Áyọ́ọ̀nù dúró lójú kan títí aṣọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ọmọ bi í pé ẹsẹ̀ mélòó ni. Ó ní méjì. Ọmọ ṣírò ó lọ́kàn, ó rí i pé ní ipò àtijọ́, oòrùn ò ní gba àárín wọn yọ, ojú rẹ̀ sì yí padà.

“Ta ló tún mọ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n mi nìkan. Ó sì ti kú.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi, ẹ má jẹ́ kí n tún gbọ́ ọ mọ́.”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Nílé yìí, òótọ́ bá irọ́ lóòótọ́, wọ́n sì ní kí òótọ́ máa lọ. Ó dun bàbá wọra, torí kò mọ ẹni tó yẹ kó bínú sí ju ara rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ já gaara. Nígbà tó yá, ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan bi í bóyá ó dá a lójú pé ẹnikẹ́ni ò ṣí àwọn òkúta náà nípò rí. Ọmọ nawọ́ sẹ́yìn yàrá.

“Bàbá mi ló ń ṣọ́ wọn láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Àwọn ló jókòó sẹ́yìn yẹn, sà. Ẹ bi wọ́n.”

Gbogbo yàrá yíjú sí i. Bàbá dìde. Ó ní bí òun ṣe bá wọn náà ni wọ́n wà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ọmọ rẹ̀ sì ń bá wọn pàtẹ́wọ́, kò wo ibi tí bàbá wà.