Àdúrà Mẹ́jọ Nínú Kọ̀ǹpútà Kan

Ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bí kọ̀ǹpútà alágbèéká ọ́fíìsì wa ṣe ń pẹ́ tó nìyẹn lẹ́yìn tí mo bá ti tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé, kó tó dákú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fi aago ọwọ́ mi wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn. Kì í kú o. Iná rẹ̀ ń tàn, ojú rẹ̀ là kedere, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí o máa tẹ̀ tó máa dá ọ lóhùn, àfi bí ọkọ tó ń wo bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀gbẹ́ Liverpool Road, l'Ápápá, ni ọ́fíìsì náà wà. À ń bá àwọn oníbàárà gba ẹrù wọn jáde ní èbúté, èmi ni mo sì ń tẹ ìwé. Ọ̀gá méjì ni mo ní. Ọ̀kan jẹ́ Alhaji, ọmọ onílẹ̀, òun ló ni ilé. Èkejì jẹ́ díákónì. Wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí irun wọn ṣì dúdú, wọn kò sì fẹnu kò lórí ohunkóhun rí, àfi lọ́jọ́ yẹn, pé ọwọ́ ayé ló wà nínú kọ̀ǹpútà.

Díákónì gbé òróró àdúrà wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má dà á sórí ibi tí mò ń tẹ̀."

Ó fi kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Alhaji wò ó. "Díákónì, ṣé o fẹ́ dín in ni?"

Nígbà tí òróró ò ṣiṣẹ́, wọ́n pe atúnkọ̀ǹpútàṣe kan láti Ajégúnlẹ̀. Kò tilẹ̀ jókòó.

"Mummy, e don finish. Àfi ká fọ gbogbo inú ẹ̀ dànù, ká bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun."

"Gbogbo inú ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀." Ó ní òun ń lọ mú irinṣẹ́, aago méjì lòun máa dé.

Inú ẹ̀ yẹn ni ìwé ọdún mẹ́sàn-án wà: orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà kọ̀nténà, lẹ́tà oríṣiríṣi. Èmi nìkan ni mo tẹ̀ wọ́n, mi ò sì ṣe ẹ̀dà ẹyọ kan síbòmíràn. Ẹ̀bi mi ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti mọ ohun tí wọ́n máa wí: "Madam, ẹ máa tún un tẹ̀ díẹ̀díẹ̀," bí ẹni pé ẹ̀wà ni mo fẹ́ ṣà.

Aago mọ́kànlá ti lù. Mo ti kà á lórí fóònù mi pé èèyàn lè tan kọ̀ǹpútà ní safe mode, láìjẹ́ kó ru ẹrù kankan, kó mú kìkì ohun tó máa fi mí. Mo tàn án bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì kọjá. Mẹ́wàá kọjá. Kò dákú. Ara rẹ̀ le nìyẹn. Ohun tí wọ́n dì lé e lórí ló ń mú un dákú.

Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, mo da gbogbo ìwé mi sínú fláàṣì méjì. Lẹ́yìn náà ni mo wo àkójọ ohun tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí kọ̀ǹpútà bá ti jí. Àdúrà oṣù tuntun ti Díákónì, fídíò oníwákàtí kan. Àdúrà oṣù tuntun ti Alhaji, fídíò oníwákàtí kan. Díákónì tún. Alhaji tún. Sátidé tí oṣù wọlé ni wọ́n fi wọ́n síbẹ̀, mi ò sí níṣẹ́. Ó jọ pé bí ọ̀kan bá ti rí ti èkejì, á fi òmíràn kún tirẹ̀, kí ti ẹnì kejì má baà ṣíwájú. Mẹ́rin sí mẹ́rin: ọ̀mì. Gbogbo ìgbà tí mo bá tàn án ni kọ̀ǹpútà ń gbìyànjú láti gba mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo pa gbogbo wọn. Mo tún un tàn bó ṣe yẹ. Ó ń sáré.

"Kí ló ṣe é?" Alhaji béèrè.

"Àdúrà ni, sà. Mẹ́jọ."

Díákónì na ọrùn wo kọ̀ǹpútà. "Èwo lẹ yọ?"

"Gbogbo ẹ̀, sà."

"Ti Alhaji náà?"

"Ti Alhaji náà."

"Ẹ dá ẹyọ kan padà," ni Alhaji wí. "Ẹyọ kan ò lè pa á."

"Ti ta ni, sà?"

Nígbà tí atúnkọ̀ǹpútàṣe fi dé ní aago méjì, wọ́n ṣì wà lórí ìyẹn. Mo ní kó jókòó tì wọ́n, bóyá á rí nǹkan fọ̀ níbẹ̀. Èmi ń tẹ lẹ́tà kọ̀nténà kan tó wà ní èbúté Tin Can.