Ọjọ́ Tí A Kò Wọ Bọ́ọ̀sì Nítorí Sàlímù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa ń bi mí ìdí tí mo fi kúrò ní Mẹ́kà lọ́wọ́ òfo. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí. Nígbà náà, wọ́n ń wó àwọn ilé àtijọ́ ní àdúgbò Misfalah, wọ́n ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì sí ipò wọn, èmi sì ń po kọnkéré níbẹ̀. Àdúgbò Al-Utaybiyah ni a ń gbé. Bọ́ọ̀sì máa ń wá kó wa lẹ́yìn ìrun àsùbáà.

Sàlímù, ará Íńdíà kan, ló ń sùn lórí ibùsùn òkè tèmi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó já bọ́ láti orí pákó gíga tí a ń dúró lé láti mọ ògiri. Kò kú, ṣùgbọ́n láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé ìwòsàn, àwọn ọ̀gá ní kí ó máa lọ, òun nìkan, dé pápákọ̀ òfurufú ìlú ńlá kan ní Íńdíà.

Yúsúfù, ọmọ abúlé rẹ̀ tí a jọ ń ṣiṣẹ́, wá bá mi. Èdè Lárúbáwá jálajàla la fi ń bára wa sọ̀rọ̀.

"Àlàájì, láti pápákọ̀ yẹn, ọjọ́ kan gbáko ni nínú rélùwéè. Lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀sì, títí ọ̀nà ọlọ́dà á fi tán. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń lọ lójúmọ́. Ibi tó bá já wa sí, ẹsẹ̀ la ó fi rìn, a ó sì la odò kọjá."

"Èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Ilé bí ọgọ́ta. Àwọn ọkùnrin tó lè gbé e ti wà níhìn-ín àti ní Jẹ́dà. Arúgbó àti obìnrin ló kù."

Mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rí nílé iṣẹ́ aṣọ ní Nàìjíríà, kí wọ́n tó tì í pa. Mo mọ bí a ṣe ń daṣẹ́ sílẹ̀. Mo sì mọ̀ pé òfin ò gbà á níbẹ̀ yẹn, wọn kì í dán an wò. Ráfíù, ọmọ Ìsẹ́yìn tí a jọ wà ní yàrá, fà mí sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará Íńdíà gbọ́ ti ara wọn."

"Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Báwo ni ti Sàlímù yóò ṣe délé?"

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi àti Yúsúfù lọ bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀ láti yàrá dé yàrá.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé lọ́jọ́ kejì, a kò wọ̀ ọ́. Gbogbo wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. A kò kọrin, a kò pariwo. Ráfíù náà jókòó, ó kẹ̀yìn sí mi. N kò lè sọ pé ẹ̀rù bà mí. Ńṣe ni gbogbo ara mi dákẹ́, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló jókòó síbẹ̀.

Oòrùn ti mú gan-an kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ tó dé. "Kí lẹ fẹ́?"

"Ìwé àṣẹ àti tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ fún Yúsúfù, kí ó lè mú Sàlímù délé," ni mo dáhùn.

"A ti ra tíkẹ́ẹ̀tì aláìsàn. Ṣebí Íńdíà ni ilé rẹ̀?"

"Abúlé kan ni ilé rẹ̀, ọ̀gá. Bàálù kì í débẹ̀."

Ó nawọ́ sí mi. "Mú ìkámà rẹ wá."

Ìwé ìgbélùú mi ló ń béèrè. Mo fà á lé e lọ́wọ́.

Yúsúfù gba ìwé tirẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, wọ́n kó èmi àti àwọn méjì mìíràn lọ sí àtìmọ́lé ní Jẹ́dà, láti ibẹ̀, wọ́n fi bàálù dá wa padà sí ìlú kálukú. Ráfíù di ẹrù mi, wọn ò jẹ́ kó gbé e fún mi.

Yúsúfù pè mí lẹ́yìn oṣù kan. Wọ́n ti délé. Àwọn obìnrin mẹ́fà ló bá a gbé ibùsùn tí wọ́n tẹ́ Sàlímù sí la odò kọjá. Mo béèrè ohun tí Sàlímù wí. Ó ní kò tíì sọ̀rọ̀. Nígbà náà ni mo rántí pé nínú gbogbo wa tó jókòó lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lọ bi í bóyá ilé ló fẹ́ lọ.

Iṣẹ́ mi lọ. Èyí kò dùn mí tó bí ọ̀rọ̀ tí Ráfíù sọ fún mi lórí fóònù lọ́dún tó tẹ̀ lé e: ọkùnrin mìíràn tún já láti orí irú pákó kan náà. A béèrè ọ̀nà ilé fún ẹni tó já. A kò béèrè okùn tí àwọn tó kù lókè yóò so mọ́ ìbàdí. Bí ẹ bá fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, okùn ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè.