Bí A Ṣe Fi Ìlú Sílẹ̀ Sá Lọ sí Oko

Nígbà tí àwọn òyìnbó ń la ọ̀nà rélùwéè gba Ìlọrin, àwọn dògárì, ẹ̀ṣọ́ ààfin, ló ń fipá kó ọkùnrin lọ síbi iṣẹ́ náà. Bí a bá gbọ́ pátákò ẹṣin láàárọ̀, ilẹ̀kùn la ń sáré tì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ya ilé wa, ọkọ mi ń hun aṣọ nídìí òfì, èmi ń gún ọkà lágbàlá.

"Dìde," dògárì kan pàṣẹ.

Ọkọ mi ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé ni. Ẹ̀yìn mi ò tíì jiná."

Kòbókò ló fi dá a lóhùn. Ojú ọkọ mi bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ta sára aṣọ funfun tó ń hun. Wọ́n wọ́ ọ nílẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo gbé ọmọ odó. Mo là á mọ́ dògárì náà lọ́wọ́, mo gbọ́ tí egungun dún. Ẹnìkejì rẹ̀ fi ìdí ọ̀kọ̀ gbá mi lẹ́nu, eyín mi bọ́.

Ìyá ọkọ mi figbe ta: "Ẹ gbà wá o, ẹ̀yin Mùsùlùmí!"

Àwọn èèyàn tú jáde ní mọ́sálásí. Nínú rúkèrúdò yẹn lèmi àti ọkọ mi gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ sí oko bàbá mi, lódìkejì odò Asà.

Bàbá mi wò wá, kò bi wá léèrè. "Ẹ lọ wẹ̀ ná," ó ní.

Odò tutù. Ẹyẹ ń ké lórí igi irúgbá, kò sí ẹni tó ń pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ara ọkọ mi ò balẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àgbò bàbá mi fara kàn án lẹ́yìn. Ọkọ mi yí padà, ó sì ṣá a ládàá lọ́rùn. Ìgbà tó rí ohun tó ṣe, ó ju àdá sílẹ̀. Bàbá mi sáré dé, ó ní "Bísímílláhì," ó dúńbú àgbò náà kó tó kú.

"Ìlú ṣì wà lára rẹ, ọmọ mi," ó sọ fún un. "Rọra. Oko á yọ ọ́ kúrò."

Ó sì ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ kí ìyá ọkọ mi tó wá bá wa. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní wọ́n ti mú àbúrò ọkọ mi dípò rẹ̀, àpáta sì ti wó pa á níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta.

Ọkọ mi fa àdá yọ, ó kọrí sí ìlú. Èmi àti bàbá mi dì í mú. Ó bù mí jẹ léjìká, ó ń ké bí ẹran, títí agbára rẹ̀ fi tán. Nígbà tó dákẹ́, a ṣe àlùwàlá, a kírun òkú fún àbúrò rẹ̀ láàrin ebè iṣu.

Ìyá ọkọ mi ò padà sílé. Àwa náà ò padà.