Gèlè Fadékẹ́mi àti Ojú Basit

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó jìnnà, ó yẹ kí ayé mọ̀ pé Fadékẹ́mi kì í kọ í-meèlì láìwé gèlè. Kì í ṣe gèlè ńlá o. Aláwọ̀ ewé kan báyìí ni, tó máa ń wé lọ sí ìsìn àárín ọ̀sẹ̀. Tíṣà ni, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ kan ní Aiyétòrò, wọ́n sì ti kọ́ ọ láti kékeré pé obìnrin kì í forí lásán wọ ilé onílé. Í-meèlì, lójú tirẹ̀, ilé onílé ni. Yóò wé gèlè, yóò wo dígí, yóò jókòó, yóò wá tẹ̀ ẹ́: "Dayọ̀, àbúrò mi, báwo ni?"

Dayọ̀ ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ rẹ̀, ó gun ọ̀kadà gba Ìmẹ̀kọ, ó wọ ilẹ̀ àwọn elédè Faransé lọ, wọn kò sì rí i mọ́. Ọmọge tó já sílẹ̀ náà, àbúrò Basit ni. Basit tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì wá búra ní gbangba pé ibi yòówù kí Dayọ̀ sá sí, òun yóò wá a kàn. Dayọ̀ gbọ́. Ó pa nọ́ńbà fóònù rẹ̀ tì. Àdírẹ́ẹ̀sì í-meèlì rẹ̀ nìkan ló kù lọ́wọ́ Fadékẹ́mi.

Màmá wọn wà ní Ìjoun, ojú rẹ̀ ti ń ríran bàìbàì. Bí Fadékẹ́mi bá ti sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, kí ó tó kúnlẹ̀ tán ni ìyá yóò ti béèrè:

"Ọmọ mi ti fèsì?"

"Kò tíì rí i ni, Màmá."

"Kí ló ń ṣe tí kò fi ráyè? Sọ fún un pé mo fẹ́ rí i kí ojú yìí tó lọ tán."

Fadékẹ́mi á sì kọ ọ́. "Dayọ̀, sọ ibi tí o wà fún wa." "Dayọ̀, gbogbo wa là ń dúró dè ọ́." "Dayọ̀, máa bọ̀ nílé, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn ọ́." Gèlè wà lórí, ọ̀rọ̀ ń dùn, èsì kò wá.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí Pásítọ̀ fi ní kí Báyọ̀ bá òun ṣe àkójọ àwọn ọmọ ìjọ, tàwòrán-tàwòrán. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlaro ni Báyọ̀ ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà. Ó ní kò le rárá, kí kálukú ṣáà mú àdírẹ́ẹ̀sì í-meèlì rẹ̀ wá. Bí òun bá ti tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, orúkọ àti àwòrán tó wà nídìí rẹ̀ yóò yọ fúnra wọn. Lẹ́yìn ìsìn, ó fi ẹ̀rọ tan ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sára ògiri kí gbogbo ìjọ lè rí i.

Ó tẹ ti Pásítọ̀. Basit yọ, ó wọ awò ojú dúdú, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Ó tẹ ti Ìyá Ìjọ. Basit. Ó tẹ ti olórí akọrin. Basit náà ni, kò bọ́ awò. Báyọ̀ yẹ wáyà wò.

"Mọ́sálásí ni mo mọ̀ pé Basit ń lọ," ni Ìyá Ìjọ wí. "Àmọ́ tó bá ti yí padà, ẹ jẹ́ ká gbà á tọwọ́tẹsẹ̀."

Ẹ̀rọ kò ṣẹ̀. Nígbà tí í-meèlì kọ́kọ́ dé Aiyétòrò, Basit ló ń ṣí i fún gbogbo ayé. Bí télọ̀ ṣe ń rán orúkọ rẹ̀ mọ́ ọrùn ẹ̀wù oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ni Basit ṣe ń fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ sí èyí tó bá ṣí, kí ayé lè mọ ọwọ́ tó ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò bá a wí. Fadékẹ́mi alára ti ń rí ojú kékeré yẹn ní igun tipẹ́, ó kà á sí irú orí tí wọ́n ń yà sára owó. Olórí yẹn kọ́ ló ni owó.

Nígbà tí èrò túká, ó sún mọ́ Báyọ̀. "Jọ̀wọ́, bá mi wo ti àbúrò mi."

Báyọ̀ tẹ̀ ẹ́. Dayọ̀ gan-an ló yọ. Ó ti pààrọ̀ ojú Basit tó wà nídìí tirẹ̀. Ó ti sanra, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, wọ́n kọ "Bonne Année", ẹ kú ọdún tuntun lédè Faransé, sí fìlà orí rẹ̀. Fadékẹ́mi na ọwọ́ kí ó fi kan irùngbọ̀n náà, òjìji ọwọ́ rẹ̀ sì bo àbúrò rẹ̀ lójú.

"Ó wà láàyè," ló wí.

"Wọ́n tiẹ̀ ń jẹun dáadáa, mà."

"Kí ló wá dé tí kò fèsì?"

Báyọ̀ yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ àdírẹ́ẹ̀sì Fadékẹ́mi. Basit. Awò dúdú, ọwọ́ ní ìbàdí.

"Ohun tí wọ́n ń rí nìyí tí lẹ́tà yín bá dé, mà. Kí wọ́n tó ṣí i rárá."

Fadékẹ́mi jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rántí àwọn lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́nu Basit. Sọ ibi tí o wà fún wa. Gbogbo wa là ń dúró dè ọ́. Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn ọ́.

Lọ́jọ́ kejì ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ. "Basit, wá yọ ojú ẹ kúrò lójú mi."

"Àǹtí, ṣé mi ò dáa nínú ẹ̀ ni?" Basit fi àga lọ̀ ọ́. "Nọ́ńbà fóònù tí mo fi ṣí gbogbo ẹ̀ ló máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí ká tó lè yí i padà. Àfi ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà tiẹ̀ rọ́pò ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà tèmi yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá kan ní Ìlárá ló ń lò ó báyìí. Mo pè wọ́n, wọ́n ní báǹkì ti kìlọ̀ fáwọn, àwọn ò ka kóòdù fún ẹnikẹ́ni."

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ̀wé sí i fúnra mi, pé mi ò bínú mọ́."

"Ṣé o ò bínú mọ́?"

Basit rò ó dáadáa. "Ó ṣì ku díẹ̀, Àǹtí."

Báyọ̀ bá a ṣí àdírẹ́ẹ̀sì tuntun. Wọ́n ya Fadékẹ́mi lábẹ́ igi máńgòrò iléèwé, tòun ti gèlè aláwọ̀ ewé, wọ́n sì fi àwòrán náà síbẹ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ọ̀rọ̀ Basit, ọ̀rọ̀ ojú Màmá. Kí Dayọ̀ má baà ṣiyèméjì, ó rán an létí ọjọ́ tó já sínú ìkòkò tí wọ́n rẹ gbàgùúdá sí nígbà tó wà ní kékeré.

Èsì dé kí iléèwé tó jáde.

"Basit, mo kí ọ. Tẹ́lẹ̀, o máa ń fi ojú ara rẹ wá, mo sì mọ ẹni tí mò ń sá fún. O wá gbé ojú ẹ̀gbọ́n mi wọ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn, ta ló fà mí jáde nínú rẹ̀ bí kì í ṣe ìwọ? Tó bá jẹ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi lo fẹ́ fi ránṣẹ́ tẹ̀ lé e, má dààmú, mo ti gbọ́ pé ẹ̀rọ ń ṣe ìyẹn náà. Bá mi kí Ẹ̀gbọ́n mi. Kó máa tọ́jú Màmá. Ó ṣáà ń dùn mí pé kò kọ̀wé sí mi rí."

Nígbà tí Fadékẹ́mi dé Ìjoun, ìyá béèrè.

"Ó ti fèsì, Màmá."

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí n máa tọ́jú yín."

Inú ìyá dùn títí. "Ọmọ mi nìyẹn. Tètè dá a lóhùn o, má jẹ̀ẹ́ kó rò pé a ti gbàgbé òun."

Fadékẹ́mi padà sílé, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Àdírẹ́ẹ̀sì méjèèjì wà níbẹ̀, ọ̀kan pẹ̀lú ojú Basit, ọ̀kan pẹ̀lú ojú tirẹ̀. Gèlè wà lórí itan rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti kà á débí, ṣé kó wé e ni, àbí kó lọ yá awò dúdú?