Ọjọ́ Tí Màmá Mi Gba Máìkì Lọ́wọ́ Olóyè

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ògiri ìrántí ní Agége fún àwọn sójà tó kú sójú ogun kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Orúkọ bàbá mi wà lára ògiri náà. Aago mẹ́sàn-án ni àwa ẹbí ti jókòó; aago kan ni olóyè tó fẹ́ ṣí i dé.

Olóyè sọ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé kìnnìún tí kò bẹ̀rù ohunkóhun ni gbogbo àwọn sójà náà. Bí Màmá mi ṣe dìde nìyẹn, tí wọ́n gba máìkì.

"Ẹ má bínú, sà. Ọkọ mi ń bẹ̀rù aáyán. Tó bá ti rí i, orí bẹ́ẹ̀dì ló ń sá sí, á ní kí n wá pa á."

Ojú tì mí, àfi bíi kí ilẹ̀ lanu. Lójijì, opó kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa: "Tèmi máa ń sunkún tó bá fẹ́ gba abẹ́rẹ́!" Ni gbogbo àwọn opó bá ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń fi ìborùn nu omijé.

Màmá ní, "Síbẹ̀, wọ́n lọ. Ìyẹn ni kí ẹ sọ, sà."

Ọmọ ọdún kan ni mí nígbà tí Bàbá lọ. Fọ́tò wọn nínú aṣọ sójà nìkan ni mo mọ̀. Ọjọ́ náà ni mo tó mọ̀ wọ́n.