Sátánì Ara Ògiri

Kò síbi tí ìjọ wa ò tíì ṣe ìsìn ní Woolwich: òkè ilé ìtajà ní Powis Street, gbọ̀ngàn ilé ìwé, títí kan ilé ìkẹ́rùsí kan tí òórùn ẹja gbígbẹ rẹ̀ ń bá wa délé. Nígbà tí Mummy, adarí àwọn obìnrin aládùúrà wa, bá wa gba ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta kan tí wọ́n ti kọ́ kí ẹnikẹ́ni nílùú wa tó gbọ́ orúkọ Lọ́ńdọ̀nù, mo sunkún. Àwọn tó ni ín ò ju ìwọ̀nba arúgbó òyìnbó lọ. Wọ́n ní ká máa lò ó lọ́sàn-án Sọ́ńdè, ká ṣáà má fọwọ́ kan ògiri.

Ògiri yẹn, ọba ni. Wọ́n gba obìnrin kan tó ń ṣàtúnṣe ilé àtijọ́, ó gun orí pákó, ó ń fi ọ̀bẹ tó kéré bíi ti dókítà ha ẹfun tó wà lára rẹ̀. Ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lọ́sẹ̀, tó bá yá a lára. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwòrán ìdájọ́ ìkẹyìn wà lábẹ́ ẹfun náà, pé nígbà tí àwọn baba ńlá wọn yí ẹ̀sìn padà ni wọ́n kùn ún pa. Mo kí i kú iṣẹ́. Bí mo bá ń nu tábìlì báyẹn nílé wa, màmá mi á ti lé mi jáde.

Ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn mímọ́ ló kọ́kọ́ yọ, kò sẹ́ni tó bínú. Sọ́ńdè ọjọ́ kan la wọlé, la bá Sátánì lára ògiri, tòun tìwo tòun tìrù, tó tẹjú mọ́ àga ìwàásù. Pásítọ̀ wa ṣe bí ẹni tí ò rí i. Mummy dákẹ́ títí ìsìn fi parí, ó yẹ kíyẹn bà wá lẹ́rù. Bí a ṣe ń to àga, ó gbé ìgò òróró àdúrà, ó de Sátánì lórúkọ Jésù, ó sì da òróró náà sí i lójú tán pátápátá. Àwa tó kù ń ṣe àmín.

Òkúta mà ń mu òróró o. Ká tó padà wá, ojú Sátánì ti dúdú kirikiri. Àwọn onílé pè wá, wọ́n fún wa ní tíì àti bisikíìtì, wọ́n yìn wá títí, mo bá mọ̀ pé wọ́n ti lé wa. Mummy kúnlẹ̀ fún wọn, ó ní, “Èmi ni mo dà á. Ẹ lé èmi nìkan.” Wọ́n ní àwọn á rò ó wò.

Lẹ́yìn ìpàdé ni Mummy bi obìnrin oníṣẹ́ bóyá òróró náà á kúrò. Ó ní á kúrò, ṣùgbọ́n á pẹ́. Mo sún mọ́ ògiri, mo rí i pé nǹkan ti họ ojú Sátánì méjèèjì. Mo bi í ṣé ọ̀bẹ rẹ̀ ló ṣèèṣì bà á.

Ó ní rárá, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ayé àtijọ́ ni, ẹ̀rù Sátánì ló bà wọ́n tí wọ́n fi ìṣó họ ọ́. “A ò gbọ́dọ̀ tún ìyẹn ṣe. Ìtàn ni.”

Mummy wò ó. “Tiwa ńkọ́?”

Ojú ti ọmọ olọ́mọ. Ó ní àbàwọ́n ni.

Inú gbọ̀ngàn kan ní Thamesmead East la wà báyìí, ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń fọ mọ́tò. Nígbà tí wọ́n ṣí ògiri fún aráyé, mo lọ wò ó. Wọ́n ti gbé iná kékeré ka ibi tí wọ́n fìṣó họ, kí àlejò lè rí i dáadáa. Mo wá òróró Mummy títí, kò kù rárá.